Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe aṣọ eré iléèwé wọn, kí n má gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ kú òjò.

Ọjà Ìgbọ̀nà ni mo ti ń ta ike, ọdún kẹsàn-án rèé: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́tùlù, àti ohun ìṣeré ọmọdé tó ń ti Ṣáínà wá. Ọmọ á wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, á na ọwọ́ sí mọ́tò pupa, ìyá á yọ owó. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbé e padà wá. Táyà kan ti yọ, kò sì ṣeé fi padà torí pé ṣe ni wọ́n yọ́ ọ lẹ̀ mọ́ra. Mi ò lè dá owó padà, èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ojú ọmọ yẹn máa ń bá mi délé.

Ìbejì mi pé ọmọ ọdún méje lóṣù tó kọjá. Obìnrin ni Táyé, ọkùnrin ni Kẹ́yìn. Iléèwé wọn fẹ́ fi ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó ṣe eré ní ìparí sáà yìí. Kẹ́yìn ni wọ́n fún ní Tìmẹ́hìn, ọdẹ tó rí odò nígbà tí òun àti Láròóyè pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn ń wá omi kiri. Táyé ni Òṣun fúnra rẹ̀, ohùn tó ké látinú omi nígbà tí igi tí wọ́n gé wó lu odò, pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ohun tí a nílò kò ju ẹ̀wù ọdẹ kan, aṣọ aláró kan àti ìkòkò aró lọ.

Ìwé wá láti iléèwé pé ká lọ yá aṣọ eré lọ́dọ̀ ẹnì kan, ₦9,000 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ká dá a padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ ló ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa." Inú mi dùn débi pé mo tètè palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

A tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo tú àpò ìrẹsì kan, mo ní kí Kẹ́yìn gé e. Àlùmọ́gàjí yà sápá kan, mo ní, "Mú un wá, jẹ́ n bá ọ gé e kó gún." Táyé ń fi páálí ká ìkòkò, ẹnu rẹ̀ wọ́, mo ní, "Mú un wá." Mi ò mọ iye ìgbà tí mo sọ "mú un wá" lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, èmi nìkan ni mò ń rán, tí mò ń lẹ̀. Àwọn tó ni nǹkan ti sùn lọ lórí ẹní.

Lówùúrọ̀ mo gbé ẹ̀wù ọdẹ náà fún Kẹ́yìn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tiwájú tẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ó fi ẹ̀wù lé orí àga, ó jáde lọ bá igi tó fi ń ṣe ẹṣin. Bó ṣe máa ń dúpẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn tí mo bá ra nǹkan fún un lọ́jà. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọmọ ṣe irú nǹkan báyìí, báwo lẹ ṣe ń kó ọwọ́ yín ró? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ọ̀rọ̀ kejì: Táyé ń bẹ̀ mí pé ká jọ fi ìrépé aṣọ rán ọmọlangidi. Ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé ní àwọn ò fẹ́ rí i. Wọ́n ní tí ikú bá mú ọ̀kan nínú ìbejì lọ ni wọ́n ń gbẹ́ ère, tí ìyá ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, pé kí n má fi irú rẹ̀ sọ́wọ́ ìbejì tó wà láàyè. Mi ò fẹ́ tàbùkù wọn. Mi ò sì fẹ́ kí Táyé rò pé ohun burúkú lòun bèèrè.

Bọ̀dá Télọ̀, Alékúwodò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀jìrẹ́. Elédùmarè á bá wa dá wọn sí.

Ọ̀rọ̀ yín yé mi torí pé mo kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi kì í gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n á dúró sẹ́yìn mi, wọ́n á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dè, wọ́n á máa wò mí. Tí mo bá rán an wọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: "Tú u." Mo lè tú àpò ṣòkòtò kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ o, ẹ má sọ fún ọmọ ọdún méje pé kó tú u. Ọwọ́ tí ọ̀gá mi kó sẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀.

Tí ẹ ò bá lè kó o sẹ́yìn, ẹ wá iṣẹ́ fún un. Ẹ da ẹ̀wà sórí atẹ, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa ṣà á. Tí ọmọ bá pè yín, ojú lẹ ó fi dáhùn, ẹnu lẹ ó fi dáhùn, ọwọ́ ń bẹ nínú ẹ̀wà. Ìyàwó mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀wù tí ẹ ti rán yẹn, ẹ má jù ú nù, òun ni ẹ ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí gbérí ọdẹ. Kì í jọ̀lọ̀. Awọ wà lára rẹ̀, àdó wà lára rẹ̀, nǹkan kan ga, èkejì rẹlẹ̀. Kò sí bí Kẹ́yìn ṣe máa lẹ nǹkan mọ́ ọn tó máa burú. Ẹ yà lọ́dọ̀ télọ̀ èyíkéyìí nírọ̀lẹ́, ẹ ní kó fún yín ní ìrépé, à ń gbá a dànù lójoojúmọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣà á. Ẹ má bá a mú àwọ̀.

Ní ti abẹ́rẹ́, ẹ má fún un ní tín-ín-rín tí a fi ń rán etí aṣọ. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń rán àpò, ojú rẹ̀ fẹ̀, ọmọ á lè fi òwú bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ òwú po sí méjì, ẹ ta kókó sí ìdí, kó má gùn ju láti ọwọ́ ọmọ dé ìgúnpá rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lọ́ pọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tò tóótó sí etí ìrépé, tóótó kan sí èkejì kó tó ìbú ìka ọmọ. Abẹ́rẹ́ á wọlé lórí tóótó kan, á jáde lórí èkejì. Ẹ sọ fún un kó má fà á le jù, torí aṣọ á súnkì. Tó bá ṣe ìrépé mẹ́ta, ẹ ó rí i pé kò wo tóótó mọ́.

Àdó ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó ká ìrépé bí ẹyin, kó fi aṣọ dúdú bò ó, kó fi òwú so ọrùn rẹ̀ gbọin. Mẹ́wàá, méjìlá. Kó rán wọn mọ́ àyà ẹ̀wù. Nígbà tó bá ń sáré lórí pèpéle, gbogbo wọn á máa jó.

Màmá Tíṣà, Òkè-Fìà

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú iṣẹ́.

Mo kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́ n bá ọ sọ̀rọ̀ ìkòkò aró, torí páálí ò lè ṣe é. Páálí kì í ká bí ìkòkò, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi wọ́. Ẹ̀bi Táyé kọ́.

Fi omi tútù po láfún ife kan kó má ní kókó. Gbé e kaná, rò ó títí á fi dán, tí á máa yọ̀. Gún álọ́ọ̀mù tó tó èékánná àtàǹpàkò, dà á sí i, bí àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ náà ṣe ń fi sí láfún tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ. Kò ní jẹ́ kó tètè hu. Jẹ́ kó tutù pátápátá kí ọwọ́ ọmọ tó kàn án.

Da abọ́ ike kan dojú dé (o kúkú ń tà á), fi ọ̀rá wé e. Kí Táyé máa fa ìwé ìròyìn ya. Yíya ni o, kì í ṣe gígé: etí ìwé tí a ya máa ń sùn mọ́ra, ti èyí tí a gé máa ń dìde. Omi lásán ni kó fi lẹ ìpele àkọ́kọ́, láfún ni kó fi lẹ ìyókù. Kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ lè jáde lábẹ́ rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, ó máa wú bí ẹni tí iná jó. Ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i, á fi ìka tẹ̀ ẹ́, má bá a tẹ̀ ẹ́. Ìpele mẹ́fà ló dára. Má jẹ́ kó ju méjì lọ lójúmọ́, kí ti àná gbẹ kó tó kan ti òní. Nínú òjò yìí, tí o bá ti se oúnjẹ tán, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tó ń tutù lọ.

So ó kọ́ àjà lálẹ́ o! Oúnjẹ ni láfún. Lọ́dún kan, eku jẹ ìkòkò mẹ́rìnlá mọ́jú nínú kíláàsì mi. Àwọn ọmọ wọlé láàárọ̀, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mi ò lè gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Nígbà tó bá gbẹ, ó máa dún kó-kó tí o bá fi ìka kàn án. Yọ abọ́ kúrò. Táyé lè fi èédú tí ẹ gún mọ́ láfún kùn ún dúdú. Ohun tó dára jù ni pé igi á wó lu ìkòkò yẹn lórí pèpéle, kò ní fọ́. Wọ́n lè fi ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́.

Aṣọ aláró rẹ̀, ẹ ṣe é ní oníko. Kí àwọn méjèèjì ṣa òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi aṣọ funfun bo òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìko tàbí òwú ẹnu àpò so ó pinpin. Síso ni tiwọn. Rírẹ, ẹ gbé e lọ fún aláró. Sóódà kọ́sítíìkì wà nínú aró òde òní, ó ń bó ara. Tí aṣọ bá ti gbẹ, kí wọ́n tú u fúnra wọn. Ojú òkúta kọ̀ọ̀kan á yọ funfun róbótó. Ọmọ tó bá tú aṣọ oníko lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ, wọn ò ṣì sọ. Àmọ́ ère ìbejì, agbẹ́gilére ló ń gbẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ikú bá ti ṣọṣẹ́. Ọmọlangidi tí ọmọdébìnrin ń pọ̀n ṣeré, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Má bá wọn jiyàn. Bi wọ́n pé kí ni àwọn pọ̀n nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Èmi, odidi àgbàdo tútù tí irùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn ni mò ń pọ̀n, mo sì ń di irun fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ìlú wa yìí, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé ọnà àti eré, sílẹ̀ ní 1962, tí Georgina Beier wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá kò kọ́ iléèwé ọnà rí. Jimoh Buraimoh tó wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ àwòrán, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún un pé "mú un wá" ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Dada Estate

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ sọ tèmi torí àwọn ìyá tó ń kà á tí ọkàn wọn ń dà rú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, èmi nìkan sì ni mò ń tọ́ ọmọ mi. Mo yá aṣọ eré fún un lọ́dún tó kọjá, mo máa yá a lọ́dún yìí náà, ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, a máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún wákàtí kan, à ń fi pòròpórò ọkà ṣe awò ojú. Ó ń bó èèpo rẹ̀, ó ń fi èèpo náà gún inú rẹ̀ tó fúyẹ́ pọ̀. Ó ti ṣe fún mi, ó ti ṣe fún màmá onílé wa. Ohun tí agbára mi ká nìyẹn.

Màmá Tíṣà, Òkè-Fìà

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, wákàtí kan yẹn pọ̀ o. Olúwa á fún ẹ lókun.

Fọkanáísà, Old Garage

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń yọ táyà ló mú mi dá sí i, torí táyà ni iṣẹ́ mi. Èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti fi agolo sadínì ṣe mọ́tò mẹ́rin.

Ẹ̀yin lẹ ó ṣe agolo. Etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹ fi pínsà ká etí náà sínú, ẹ fi òòlù pa á, kí ẹ fi aṣọ ra á yíká. Tí aṣọ ò bá há, ó ti yá fún ọmọ.

Táyà, sílípáàsì tó ti jẹ ni. Kó gbé ìdérí ìgò lé e, kó fi báírò yí i ká, kó gé e. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ni ihò àárín. Tí ihò ò bá bọ́ sí àárín gan-an, mọ́tò á máa tiro. Kó fi ìdérí yẹn kan náà gé bébà róbótó, kó ṣẹ́ bébà náà po sí méjì, kó tún ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó wá tẹ́ ẹ. Ibi tí ìlà méjì ti pàdé, àárín nìyẹn. Kó gbé bébà lé táyà, kó fi báírò tọ́ ọ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ rí i pé ìlà méjèèjì pàdé, ó ṣẹ́ bébà mẹ́jọ mìíràn lọ́jọ́ náà, ó kàn fẹ́ máa rí i ni.

Ẹ̀yin ni kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò náà. Ẹ ki wáyà kẹ̀kẹ́ bọ inú ike báírò tí inú rẹ̀ ti ṣófo, ẹ so báírò mọ́ abẹ́ agolo, kí wáyà lè máa yí nínú rẹ̀. Táyà kan á wà ní eteetí ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Tí ọ̀kan bá yọ lọ́la, ó ti mọ bí wọ́n ṣe fi í.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ṣe eré lánàá.

Mo ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà kóńgò méjì ni mo ṣà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òkúta kan ò bọ́ sí wa lẹ́nu. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, Kẹ́yìn rán ìrépé mọ́ ara ẹ̀wù, ó rán apá mọ́ ẹ̀yìn pọ̀, ọwọ́ ò wọlé mọ́. Mo rí i kí òun tó rí i. Mo ń wo ẹ̀wà. Ó gbìyànjú láti wọ̀ ọ́, ó dúró, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó ní, "Màámi, mo ti rán ọ̀nà pa." Ó tú u fúnra rẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń ki ọwọ́ òsì sínú ẹ̀wù kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Èmi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Màmá Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, mà. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi bí ẹ ṣe ní kí n béèrè. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọmọrí ọlọ ni àwọn ń pọ̀n, pé ìyá àwọn máa ń wá a kiri tó bá fẹ́ lọ ata. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí Táyé mú ìrépé wá, pé àwọn á bá a rán an, àmọ́ ẹyọ kan kọ́, méjì ni. Àwọn méjèèjì ló jókòó sí ojú fèrèsé. Èmi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Ìkòkò aró dé orí pèpéle, igi wó lù ú, kò fọ́. Àdó kan já bọ́ lára Tìmẹ́hìn nígbà tó ń sáré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi í sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a délé, abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ lọ wá, kó tó bọ́ bàtà.

Ìkòkò náà wà ní ìsọ̀ mi báyìí. Ẹni mẹ́ta ti bèèrè iye tí mò ń tà á.

Bọ̀dá Fọkanáísà, mọ́tò ló kù. Àárín la lu ihò táyà sí, a ṣẹ́ bébà bí ẹ ṣe wí, àmọ́ ìṣó tí mo lò tóbi, ihò fẹ̀ ju wáyà lọ, táyà ń mì. Kẹ́yìn ní ká wé òwú mọ́ wáyà kó lè nípọn. Ṣé ó máa dúró, àbí ká gé táyà mìíràn?